Àwọn Ẹlẹ́rìí Mi ní Ìdí Òpó Fóònù

Fọ́ọ̀mù náà ní kí n kọ orúkọ ọ̀gá tí mo bá ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn. Mo wo àlàfo náà títí. Láti ìgbà tí mo ti ní ọkọ̀ tèmi, òkun ni ọ̀gá mi. Òkun kò sì ní nọ́ńbà fóònù.

Orí pákó iwájú ilé ni mo jókòó sí lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ mi ń rọ̀ lókè omi, bírò wà lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ tí mo ń wá kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Ilé-iṣẹ́ kan láti òkè, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ, wá kọ́ ilé yìnyín sí ẹnu odò wa, kí ẹja má baà máa rà kó tó dé ọjà Igbókòdá. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú ibẹ̀: kó máa ṣí i láàárọ̀, kó máa fún àwọn ènìyàn ní yìnyín bí wọ́n bá ṣe tẹ̀léra dé, kó mọ ẹni tó ni ẹja tó wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Ìwé mẹ́wàá ni wọ́n béèrè. Mo ní ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n mú ènìyàn méjì wá tí kì í ṣe ẹbí mi, tí wọ́n lè pè lórí fóònù, tí yóò jẹ́rìí irú ẹni tí mo jẹ́.

Ẹ̀yìn mi ló sọ mí di ẹni tó ń kọ fọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá ti fa àwọ̀n láti ìgbà èwe mọ ohun tí mò ń wí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti tú okùn ọkọ̀, mi ò lè nà dìde mọ́. Bí mo ṣe tẹ̀ yẹn ni mo ṣe rìn wọlé, tí àwọn ọmọdé rò pé mò ń wá nǹkan nílẹ̀, tí wọ́n sì ń bá mi wá a.

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin gbọ́, ó pè láti Àkúrẹ́, níbi tó ti ń ṣe olùkọ́.

"Bàbá, ẹ ò lè lọ sókun mọ́. Kí lẹ wá ń ṣe níbẹ̀? Yàrá yín ti wà nílẹ̀."

"Mò ń bọ̀ wá ronú sí i."

"Ẹ ti ń ronú sí i láti ìgbà tí Màmá ti kú. Bí ẹ ò bá rí iṣẹ́ kan tẹ́ ẹ lè máa jókòó ṣe, bí a bá ti ṣe Kérésì tán, èmi fúnra mi ni mo máa wá fi ọkọ̀ kó ẹrù yín."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ọmọ dáadáa ni. Yàrá náà sì dára, ó ní fáànù. Mo ti sùn níbẹ̀ rí. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri aládùúgbò. Bí mo ṣe jí láàárọ̀, mi ò gbọ́ omi lábẹ́ ilé, mo rò pé mo ti kú.

Ilé tí mò ń gbé yìí, èmi àti ìyàwó mi la jọ kàn án, pákó kan tẹ̀lé èkejì. Òun ló máa ń di pákó mú, èmi ni mò ń gbá ìṣó. Ó ní bí mo bá fi òòlù gbá òun lọ́wọ́, òun ò ní sunkún, òun á kàn ṣí lọ sọ́dọ̀ ìyá òun. Mi ò gbá a lọ́wọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ wá dé rèé: bí mo bá rí iṣẹ́ ilé yìnyín, mo dúró sí ilé wa. Bí mi ò bá rí i, fáànù.

Ẹlẹ́rìí mi àkọ́kọ́ kò ṣòro. Olùkọ́ tó kọ́ mi ní ilé-ẹ̀kọ́ àgbà ni, ó ti fẹ̀yìn tì, ó wà ní òkè báyìí. Mo ti gbéyàwó, mo ti bímọ, kí n tó mọ bí a ṣe ń di bírò mú. Ìyàwó mi ló tì mí lọ. Mo ní ojú ń tì mí. Ó ní, "Ìwọ tó mọ̀nà lójú òkun nínú òkùnkùn, ṣé á-bí-dí ni yóò ṣì ọ́ lọ́nà?" Mo lọ. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n mo dé ibẹ̀. Ọdún kan náà ni èmi àti ọmọ mi jókòó ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Ó ṣe dáadáa jù mí lọ. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó mi sọ fún gbogbo èbúté.

Ẹlẹ́rìí kejì ni Bàbá Aláwọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń pè é, nítorí òun ló ni àwọ̀n ńlá tí àwa ọ̀dọ́ máa ń fà nígbà náà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó ní ọkọ̀ tèmi. Ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì ń tàn bí ti ẹni tó fẹ́ ṣe ẹlòmíràn ní yẹ̀yẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé.

"Wọn yóò pè yín, Bàbá. Wọn yóò bi yín pé irú ẹni wo ni mí."

"Ṣé òótọ́ ni kí n sọ, àbí ohun tó dáa?"

"Ẹ sọ òótọ́ tó dáa, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi gbé e. "Ìyẹn ò pọ̀ o. Ṣùgbọ́n á tó wọn."

Ó ní kí n kọ́ òun ní ohun tí òun máa sọ. Mo kọ́ ọ. Kò gùn: pé ó mọ̀ mí, pé mo bá a ṣiṣẹ́ pẹ́, pé mi ò jalè, mi ò mutí, mi ò sì bá a jà rí. Ó ń sọ ọ́ kiri inú ilé. Bí mo bá kọjá lábẹ́ fèrèsé rẹ̀, mo máa ń gbọ́ ọ: "Mo mọ ọkùnrin yìí!" Ńṣe ló dà bí ẹni tó fẹ́ ka ẹsẹ Bíbélì lọ́jọ́ ìkórè.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí mi ò bá rí iṣẹ́ náà, mi ò fẹ́ kí gbogbo èbúté máa kí mi kú àmúmọ́ra. Ó ṣèlérí, ó sì pa á mọ́. Mi ò rí ẹ̀bi rẹ̀ rárá nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Òpó fóònù ni mi ò rò mọ́ ọn.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í wọ inú ilé lọ́dọ̀ wa. Ibi kan ṣoṣo tó ti ń mú ni orí èbúté, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nígbà kan láti máa gbé fìtílà kọ́. Kò sí fìtílà níbẹ̀ mọ́. Fóònù ló wà níbẹ̀. Oníkálùkù fi ọ̀rá di tirẹ̀ nítorí omi, ó fi kọ́ sórí ìṣó tirẹ̀, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí fóònù kan bá ké, ẹni tó bá wà nítòsí ló ń gbé e. Kò burú. Ohun tó burú ni kí fóònù máa ké kí ènìyàn jókòó tì í kó máa wò ó. Ó dà bí ìgbà tí àlejò dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń kí, tí ẹ kò jẹ́ ẹ. Ẹni tó bá gbé e yóò sọ ibi tí ẹni tó ni ín wà, yóò gba iṣẹ́ tí wọ́n bá rán, bí ó bá sì mọ ìdáhùn, yóò dáhùn. Ọmọ mi ti pè mí rí, kí n tó sáré dé ibẹ̀ ó ti mọ̀ pé pùpúrú ni mo jẹ lálẹ́ àná àti pé mi ò jẹ ẹ́ tán.

Ẹni tó sún mọ́ òpó náà jù ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Ìyé là ń pè é, bí a ṣe ń pe ìyá nílẹ̀ wa. Ahéré tó ti ń yan ẹja kò ju ìwọ̀n ibi tí ènìyàn lè tutọ́ dé sí òpó fóònù. Ohùn rẹ̀ máa ń kọjá sí òdìkejì odò láìsí wàhálà. Láti ìgbà tí àbúrò rẹ̀ ti kú ló ti ń wá ìyàwó fún mi. Ó ti rán àwọn opó kan wá sílé mi láti wá ra abẹ́rẹ́ àwọ̀n, èmi tí mi ò ta abẹ́rẹ́ rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń bọ̀ láti ibi tí mo ti lọ wo ọkọ̀ mi, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òkèèrè.

"Ọkọ àbúrò mi! Máa bọ̀ níbí. Wá dọ̀bálẹ̀ kí o dúpẹ́."

Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń yan ẹja ti jókòó yí i ká, ẹ̀rín wà lẹ́nu gbogbo wọn.

"Kí ni mo ṣe, Ìyé?"

"Ẹja tí o fi pamọ́ sábẹ́ ọkọ̀, òórùn rẹ̀ ti jáde. Obìnrin kan pè."

"Obìnrin wo?"

"Ẹ gbọ́ ọ! Obìnrin wo, ló wí. Wọ́n tó mélòó?"

Àwọn tó kù pàtẹ́wọ́. Ó ní fóònù Bàbá Aláwọ̀n ló ké. Bàbá ti bá ọkọ̀ àárọ̀ lọ sí Òde Ugbò lọ tọ́jú ojú rẹ̀. Òun gbé e. Ohùn obìnrin ni, ohùn ẹni tó tutù, ará òkè. Ó dárúkọ mi pé pérépéré. Ó ní òun fẹ́ béèrè irú ènìyàn tí mo jẹ́, kí ọ̀rọ̀ tó wà láàárín àwọn àti èmi tó lọ síwájú.

"Ó fẹ́ máa ṣàlàyé," Ìyé wí, "mi ò jẹ́ kó parí rẹ̀. Obìnrin tó bá pe fóònù láti wádìí ìwà ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú, ṣé a tún ń bi í ní ìdí?"

Ó tọ̀nà lójú tirẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, kí ìdílé tó fa ọmọ wọn fún ọkùnrin, wọ́n á kọ́kọ́ rán ènìyàn wá sí èbúté rẹ̀ láti wádìí. Ṣé kì í lu obìnrin? Ṣé kì í ṣe ọ̀lẹ? Àìsàn kankan kò sí nínú ìran wọn? Òun náà ti ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ nípa tèmi, kí àbúrò rẹ̀ tó fẹ́ mi. Kò tíì sí ẹni tó pe èbúté wa rí láti wádìí nítorí iṣẹ́. Ta là bá fẹ́ bi, nígbà tó jẹ́ pé inú ọkọ̀ kan náà ni gbogbo wa ti ń ṣiṣẹ́?

"Kí lẹ wá sọ fún un, Ìyé?"

"Gbogbo rẹ̀. Ó béèrè bóyá o ṣeé bá gbé. Mo ní o kì í jà."

"Mo sọ fún un pé ẹ máa ń fọ aṣọ ara yín," ìkan nínú wọn fi kún un.

"Mo ní ọbẹ̀ yín máa ń níyọ̀ díẹ̀," ìkejì wí, "ṣùgbọ́n ó ṣeé jẹ."

"Mo sọ àléébù rẹ náà," Ìyé tún sọ. "Ìyàwó tí a bá fi irọ́ fẹ́, kì í pẹ́ lọ́ọ̀dẹ̀. Mo ní o kì í sọ̀rọ̀. Mo ní bí ilé bá ń jó, wàá kọ́kọ́ ronú dáadáa kí o tó sọ pé iná. Mo sì ní o ń hanrun."

"Ẹ sọ ìyẹn?"

"Ṣé kó wá bá a nílé ni?"

Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Ó ní obìnrin náà béèrè bóyá ènìyàn lè fi ohun olóhun sí mi lọ́wọ́. Òun sì sọ ọ̀rọ̀ àpótí fún un. Nígbà tí àbúrò òun kú, mo gbé àpótí aṣọ rẹ̀ jáde síwájú gbogbo ẹbí wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè. Gèlè kan kò dín nínú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n pín in. Ohun kan ṣoṣo tí mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi ni abọ́ tánganran tó fi ń jẹun, etí rẹ̀ ti yọ.

Mi ò mọ̀ pé ó rántí abọ́ yẹn. Mo ń wo omi.

"Àwa náà wá bi í léèrè tiwa," ó ní. "A ní ṣé ó ti bímọ. A ní ṣé ó lè wọ ọkọ̀ ojú omi láì bì. Ó ní òun lè wọ̀ ọ́. A ní ta ni bàbá rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní a ṣeun, òun ń bọ̀ wá fi ojú òun rí i. Ṣé o gbọ́? Ó ń bọ̀! Ó ti gbà!"

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Mo ya ẹnu. Nǹkan kan kò jáde.

"Ẹ wò ó," Ìyé wí fún wọn. "Ojú ń tì í."

Mo lọ sílé. Mo rò pé ó ti parí. Ilé-iṣẹ́ wo ló máa gba ẹni tí àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀ ń bi ọ̀gá wọn pé ta ni bàbá rẹ̀? Mo fa àpótí mi jáde láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ohun tó lè bá mi lọ sí Àkúrẹ́ àti ohun tí kò lè bá mi lọ. Abọ́ náà lè lọ. Àjẹ̀ tí mo fi ń tu ọkọ̀ kò lè lọ. Kí ni ènìyàn máa fi àjẹ̀ ṣe ní Àkúrẹ́?

Bàbá Aláwọ̀n padà dé lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ti pè, wọ́n sì ti dáhùn, ó bínú gidigidi.

"Ẹ̀rí tèmi ńkọ́? Èmi tí mo ti mọ̀ ọ́n sórí! Àwọn obìnrin wọ̀nyí gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ó ti tán."

"Kò tán o. Ẹ̀rí tí a ò tíì jẹ́ kì í tán."

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ náà yọ lẹ́nu odò. Ìyé ló kọ́kọ́ rí i. Kí n tó wọ bàtà, wọ́n ti gbá orí èbúté, ó ti ró aṣọ ìjáde rẹ̀, ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dín ti wà nínú abọ́. Àwọn obìnrin tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó fóònù bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ gba bíṣọ́ọ̀bù. Mo dúró lẹ́yìn wọn.

Ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ wọ ṣòkòtò, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì ojú omi aláwọ̀ ọsàn. Ẹgbẹ́ ọmọ mi ni, bóyá ọmọ mi tiẹ̀ fi díẹ̀ jù ú lọ. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kí wọn. Ìyé kí i padà, ó sì ń na ọrùn wo inú ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Ìyá ẹ ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà nínú ọkọ̀?"

"Ìyá mi wà nílé, Mà. Èmi ni mo pè yín lórí fóònù."

Ìyé yí padà sí mi. Ó yí padà díẹ̀díẹ̀.

"Ọkọ àbúrò mi."

"Ìyé."

"Ọmọ yìí?"

"Ìyé, kì í ṣe..."

"Ọmọdé yìí! Kí ni mo fẹ́ sọ fún àbúrò mi bí mo bá dé ọ̀run? Pé mo fi ẹnu ara mi yìn ọ́ fún ẹni tó lè máa pè ọ́ ní bàbá?" Ó tú gèlè rẹ̀, ó fi di ìbàdí. "Ó kéré! Ẹ gbé ẹja yẹn kúrò níbẹ̀!"

Ẹnìkan ti ń gbé abọ́ ẹja wọlé. Ọ̀dọ́bìnrin náà ya ẹnu láti sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Mo rí i pé ó wo ọkọ̀ tó gbé e wá. Mo ronú pé bó bá padà wọ ọkọ̀ yẹn, ògiri aládùúgbò ọmọ mi ni màá máa wò títí mo fi máa kú.

"Iṣẹ́ ni mò ń wá," ni mo wí.

"Kí lo wí?"

"Iṣẹ́ ni!" Ohùn mi ga ju bí mo ṣe rò lọ. "Iṣẹ́ ilé yìnyín. Àwọn tó dé yìí ni ọ̀gá ibẹ̀. Mo fi nọ́ńbà Bàbá Aláwọ̀n sílẹ̀ kí wọ́n lè bi í nípa mi. Kò sí ọ̀rọ̀ ìyàwó níbẹ̀. Ẹ̀yìn mi kò gba òkun mọ́, bí mi ò bá sì rí iṣẹ́ yìí, ọmọ mi á wá kó mi lọ sí Àkúrẹ́ lẹ́yìn Kérésì. Mi ò fẹ́ lọ."

Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ lórí èbúté yẹn rí. Ọmọbìnrin kan tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, òmíràn gbà á, ó sì ràn ká gbogbo wọn. Ìyé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Àkúrẹ́?" ó ní. "Ta ló ń lọ sí Àkúrẹ́?"

"Èmi ni, Ìyé."

"Láìsọ fún mi?"

Ó yíjú sí ọ̀gá náà. Ó tún gèlè rẹ̀ wé sórí. Ó ní kí wọ́n gbé ẹja padà wá.

"Ọmọ mi, jókòó. Gbogbo ohun tí mo sọ lórí fóònù, òótọ́ ni. Ìhanrun nìkan ni kí o yọ kúrò. Yìnyín kò ní gbọ́ ọ."

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ọwọ́ di òpó fóònù mú. Ó ní òun ti mọ̀ láti orí fóònù pé wọ́n ń fẹ́ òun sọ́nà fún ẹnìkan. Òun gbìyànjú láti ṣàlàyé, wọn ò fún òun láàyè. Nígbà tí wọ́n sì dé orí ọ̀rọ̀ àpótí aṣọ, òun pinnu láti dákẹ́ kí òun gbọ́.

"Ẹ wò ó, Mà," ó wí fún Ìyé, "gbogbo ẹni tí mo bá pè ló ń kọ orin kan náà. Òṣìṣẹ́ rere, olóòótọ́, aláápọn. Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ ni mo ń mọ̀ pé wọ́n ti kọ́ wọn. Ẹ̀yin, kò sẹ́ni tó kọ́ yín."

"Ta ló máa kọ́ mi?"

"Àmọ́ wàhálà méjì ló wà. Àkọ́kọ́, ẹbí ni yín. Ìwé wa ní kì í ṣe ẹbí."

"Ẹ̀rí tèmi ńkọ́?"

Bàbá Aláwọ̀n ni. Ó ti wọ dàńṣíkí, ó dé fìlà, ó ń fi ọ̀pá rìn bọ̀ lórí pákó. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó sọ fún un. Ó dúró síwájú ọ̀gá náà, ó ki ọ̀pá mọ́lẹ̀, ó sì kígbe bí ẹni tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ láti òdìkejì òkun:

"Mo mọ ọkùnrin yìí! Ó bá mi ṣiṣẹ́ pẹ́! Kò jalè! Kò mutí!"

Ó dúró. Ó wo ojú ọ̀run. Ó ti gbàgbé èyí tó kù.

"Kò bá yín jà rí," mo sọ lábẹ́nu.

"Irọ́ ni," ó ní. "Ó bá mi jà. Mo fẹ́ kí a jáde lọ́jọ́ tí òkun kò dára, ó jókòó sórí àwọ̀n, ó ní ẹnikẹ́ni kò ní gbé e. Mo sọ̀rọ̀ sí i, kò fọhùn, kò sì dìde. Ọkọ̀ tó jáde láti èbúté kejì lọ́jọ́ náà, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lúwẹ̀ẹ́ padà. Òun ló jàre." Ó wò mí. "Mi ò sọ fún un rí."

Kò sọ ọ́ rí lóòótọ́.

Ọ̀gá náà ní ìyẹn ti tán wàhálà kìíní. Ó wá kọjú sí mi.

"Bàbá, ìkejì ni pé wọ́n ní ẹ kì í sọ̀rọ̀. Bí àwọn ènìyàn bá ń jà lórí ẹni tó kọ́kọ́ dé, ẹni tó wà nídìí yìnyín kò lè máa wò wọ́n kí yìnyín máa yọ́. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe wá, láti wò ó bóyá ohùn yín lè jáde láàárín èrò."

"Ṣé ẹ ti rí i?"

"Mo ti gbọ́ ọ," ó ní. "Àwọn ará ọjà Igbókòdá náà gbọ́ ọ."

Wọ́n gbà mí láti dán mi wò ná. Ọ̀gá náà jẹ ẹja dídín, ó sì gbé èyí tó kù lọ fún ìyá rẹ̀, nítorí Ìyé ní dandan ni.

Láàárọ̀ tí mo kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn ilé yìnyín, èrò ti wà níta. Ìyé gba àárín wọn kọjá pẹ̀lú agbọ̀n ńlá lórí, ó wá dúró síwájú mi.

"Ọkọ àbúrò mi, dá mi lóhùn kíá. Iná mi ń jó nílé."

Mo wò ó. Mo wo àwọn tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Gbogbo wọn ń wò mí.

"Ìyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tò sẹ́yìn."

"Èmi?"

"Ẹ tò sẹ́yìn, Ìyé."

Ó yí padà sí èrò. "Ṣé ẹ rí i? Èmi ni mo wá iṣẹ́ fún un o!" Ó tò sẹ́yìn. Nígbà tó kàn án, mo dọ̀bálẹ̀ kí i kí n tó gbé yìnyín fún un. Ó ní kí n dìde, kí ẹ̀yìn mi má baà tún há.

Ẹnìkan ṣoṣo ló kù tí kò gbà pé mo ti ríṣẹ́. Mo ti sọ fún ọmọ mi lórí fóònù. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀ ń dọ́gbọ́n. Nítorí kí ẹ má baà wá ni." Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, lọ́wọ́ ọ̀sán, mo ti ilẹ̀kùn láti lọ jẹun, mo sì gbọ́ tí fóònù mi ń ké lórí òpó. Mo yára. Kí n tó dé ibẹ̀, Ìyé ti nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó ti gbé e.

"Bàbá ẹ? Ó wà níbi iṣẹ́. Iṣẹ́ kẹ̀? Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ṣé mo máa ń purọ́ fún ẹ ni? Jókòó, jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe fún mi níwájú èrò fún ẹ..."

Ó rí mi. Ó na fóònù sí mi. Mo mi orí, mo sì fi ọwọ́ júwe fún un pé kó máa bá a lọ. Mo jókòó sórí pákó nídìí òpó, mo ń gbọ́ bó ṣe ń jẹ́rìí mi.